Ògiri Tí Bàbá Ìjọ Kùn Ní Ọ̀dà

Kí n tó sọ bí ògiri ṣe wó, ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọkùnrin tó wó o. Nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ láìkí i. Sosthène ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní Sosthène ní Ifangni, ìlú wa, lọ́dún tó kọjá, kò ní dáhùn. Bàbá Ìjọ ni wàá pè é. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Bàbá Ìjọ nìkan á tó o. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, wàá fi Olórí Ìgbìmọ̀ kún un, wàá fi Alábòójútó Àtúnṣe Ilé Olúwa lé e, wàá sì fi Ṣẹ́fù Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìntì parí rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti kí i tán pátá rí, lórí ìdọ̀bálẹ̀, nínú ẹrẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ aṣọ funfun. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà o. Bí kò bá lu òǹtẹ̀, ìwé kò kọjá, ẹni tó ni ín á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ebi á fi máa pa á. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà wálé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá nǹkan tó lè máa fi àṣẹ dí lọ́wọ́, ó sì rí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò tóbi. Áńgílíkà ni wá, Tímótì Mímọ́ ni orúkọ ilé náà, ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Tchaada. Bí gbogbo wa bá pé, a kì í ju ọgọ́rin lọ, ìkókó ẹ̀yìn ìyá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àlùfáà ń ti Àjàṣẹ́ wá. Láwọn ọjọ́ ìsinmi tó kù, Victorin ló ń ka Bíbélì fún wa tó sì ń darí orin. Ohùn Victorin dára. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó wà nípò ló fẹ́ràn láti máa fi yìn ju Ọlọ́run lọ.

Búlọ́ọ̀kù ni ògiri mẹ́ta ilé náà. Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ní ìlà-oòrùn, amọ̀ ni. Ọ̀ṣuntóyè, ọkọ Ìyá Amandine tó jẹ́ àgbà obìnrin ìjọ wa, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n ní ìpele ìpele, lọ́dún tí àwọn àgbà kó ìjọ náà jọ. Nígbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ àwọn yòókù, birikilà tó wá wò ó ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ti Ọ̀ṣuntóyè, pé kò ní àléébù. Ọ̀ṣuntóyè ti kú, ògiri rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń mú un dúró. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ á po amọ̀ pupa mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ògiri náà nínú àti lóde. Èkejì ni ti Rafiou akọ̀pẹ. Ọ̀pẹ méjì wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, imọ̀ wọn tó bá gbẹ sì máa ń já sínú gọ́tà páànù. Rafiou, tó ń kírun ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ọjà, ló ń gun ọ̀pẹ náà. Ẹyìn tó bá kọ, tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà á bọ́ sórí páànù, á sì kó gbogbo ohun tó dí gọ́tà dànù kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí pẹ̀lú àwọn àgbà wa. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìwé.

Ní oṣù kejì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Victorin kà á sí gbogbo wa létí. Bíṣọ́ọ̀bù ní òun ń bọ̀ ní ìparí oṣù keje láti gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ tó fẹ́ gba ìfẹsẹ̀múlẹ̀, òun á sì yẹ ilé wa wò. Ó ní ìjọ kékeré pọ̀ jù lọ́wọ́ òun. Èyí tí ilé rẹ̀ kò bá dára mọ́, òun á tì í, òun á sì da àwọn ọmọ ìjọ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Daagbé.

Fún ẹni tó ní alùpùpù, Daagbé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n Ìyá Amandine ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, itan rẹ̀ sì ti ṣẹ́ rí. Kò lè gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, kò sì lè rìn kọjá ilé kẹfà. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá ló fi ń wá, á sì ti gbéra kí agogo tó lù kó tó lè bá wa kọ orin àkọ́kọ́. Nígbà tí Victorin ka lẹ́tà náà tán, Ìyá gbé orí sókè níbi tó jókòó sí.

Ó ní, "Tí wọ́n bá tì í, èmi ńkọ́?"

A wo ilẹ̀. Bàbá Ìjọ ló dìde.

Ó fi Faransé ọ́fíìsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Mesdames et messieurs! Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sí níbí! Èmi ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí. Mo mọ̀ pé orúkọ ìjọ ló wà lẹ́yìn àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ìjọ? Ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ni ìjọ?"

Victorin ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá!"

"Donc, mo gbọ́ ohun tí bíṣọ́ọ̀bù ń bá mi sọ. Ó ní, 'Ìwọ tó o mọ bí iṣẹ́ ńlá ṣe ń lọ, gbà mí.' Màá gbà á. C'est-à-dire, màá gba gbogbo yín, àti àwọn tí wọn ò tíì bí."

Victorin ní, "Ọgbọ́n yìí pọ̀ jù! Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí!" Ó pàtẹ́wọ́, a sì bá a pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Ìjọ dá ìgbìmọ̀ mẹ́rin sílẹ̀: ti páànù, ti ògiri, ti ilẹ̀, àti ti ìbáṣepọ̀ láàárín páànù, ògiri àti ilẹ̀. Òun ni alága mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Victorin sì ni akọ̀wé. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i lọ́jọ́ kan tí alága ìgbìmọ̀ páànù kọ̀wé sí alága ìgbìmọ̀ ògiri láti tọrọ àyè. Alága ìgbìmọ̀ ògiri ka ìwé náà, ó ronú, ó sì kọ̀. Bàbá Ìjọ bínú sí èsì yẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Ó tún ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun fún òun, roboto, pẹ̀lú àgbélébùú láàárín, ó sì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé Olúwa láìsí ìwé tó ní òǹtẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó sórí eruku, nítorí kò tíì sáyè fún un láti lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìgbálẹ̀.

Àṣẹ tó tẹ̀ lé e ni ti àga. Ó ní kí káfíńtà kan àga gíga kan, kí wọ́n gbé e sórí pèpéle, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri ìlà-oòrùn, kí òun lè máa rí gbogbo wa. Bí ó ṣe jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, ó wo òkè, ó rí páànù, ó sì rántí Rafiou.

Ó ní, "Attention. Ṣé òótọ́ ni pé ọkùnrin kan máa ń rìn lórí páànù yìí?"

Victorin ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Rafiou ni. Ó máa ń kó gọ́tà."

"Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ Rafiou máa ń wà lókè orí mi?"

Victorin fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó gbọ́ òfò. Láti ọjọ́ náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ọ̀pẹ, tó ní òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ga ju orí Bàbá Ìjọ lọ ní gbogbo àgbègbè ṣọ́ọ̀ṣì. Rafiou wá, ó wo ìwé náà, ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká igbà rẹ̀ lọ sílé.

Oṣù kẹta dé, àwọn obìnrin gbé amọ̀ wá. Bàbá Ìjọ dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹrẹ̀? Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, ẹrẹ̀ lẹ fẹ́ fi kí i? Ẹ kó o padà. Ọ̀dà la máa kùn ún. Ọ̀dà olóròóró, èyí tó ń dán."

Ìyá Amandine wà níwájú wọn, ó fi ara ti ọ̀pá. Ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Omi tó bá wọ inú ẹ̀, ara ẹ̀ ló ń gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà bò ó, ibo lomi máa gbà?"

"Ìyá, ṣé ẹ lọ sílé ìwé?"

"N ò lọ."

"Voilà," ni Bàbá Ìjọ wí, ọ̀rọ̀ sì tán.

Wọ́n kun ògiri Ọ̀ṣuntóyè nínú àti lóde. Búlúù ni àwọ̀ náà, búlúù kan náà pẹ̀lú agbádá tí Bàbá Ìjọ ń wọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Òun fúnra rẹ̀ ló fa búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àsọyé tó gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tó gbẹ, ó ń dán débi pé o lè wo inú rẹ̀ fi di gèlè. Bàbá Ìjọ súnmọ́ ọn, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú ògiri ilé Olúwa, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àwa rò pé ó ń gbàdúrà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Imọ̀ gbígbẹ ti kún gọ́tà, nítorí náà omi kò rí ọ̀nà mìíràn ju kó máa ṣàn wọ orí ògiri lábẹ́ páànù. Níta, ògiri ń dán. Nínú lọ́hùn-ún, ó ń mu omi lọ́sàn-án lóru, kò sì rí ibi tó máa tọ̀ ọ́ sí. Ẹ forí jì mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sọ. Ní oṣù karùn-ún, ògiri yọ ikùn.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ wo ògiri o! Ó ti wú!"

Bàbá Ìjọ yíjú padà lórí àga rẹ̀, ó rí i, ẹ̀rù sì bà á. Mo rí ẹ̀rù náà lójú rẹ̀ kedere. Bí Victorin bá ti panu mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu Victorin kì í sinmi.

Ó kígbe pé, "Kò wú! Ó ń gbòòrò ni! Ilé Olúwa ń sanra nítorí ó ti rí olùtọ́jú! Láyé Ọ̀ṣuntóyè, ṣé ó sanra rí?"

A dá a lóhùn pé kò sanra rí. Bàbá Ìjọ gbé àyà sókè. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ṣe Ìdúpẹ́ Ìgbòòrò. Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́ fún ikùn ògiri. Victorin mú okùn ìwọ̀n télọ̀ wá, ó sì ń wọn ikùn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó. "Ìka méjì!" A pàtẹ́wọ́. "Ìka mẹ́rin!" A dìde dúró. Èmi náà dìde. Bí o bá ń bi mí léèrè ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀, ohun tí mo lè sọ ni pé gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi sì bá wọn lọ.

Ìyá Amandine nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìkéde ìka mẹ́fà, ó rìn lọ sílé Bàbá Ìjọ. Ilé náà jìnnà ju ilé kẹfà lọ. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, ó sì jókòó lórí àpáta nígbà kẹta. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní kó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Ìjọ ń bá alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ṣèpàdé. Bàbá Ìjọ nìkan ló wà nínú yàrá náà.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Ìyá Amandine kò kí i pẹ̀lú oyè.

Ó ní, "Sosthène, mo mọ ìyá tó bí ẹ. Ẹ̀yìn mi lo máa ń sùn sí nígbà tó bá lọ sọ́jà Ko-Koumolou. Mo wá bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí àwọn obìnrin há ọ̀dà yẹn kúrò. Jẹ́ kí Rafiou kó gọ́tà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nísinsìnyí, ó ṣì lè yè."

"Ìyá, ẹ kọ̀wé wá. Ìgbìmọ̀ ògiri á yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìwọ ni ìgbìmọ̀ ògiri."

"Ìdí nìyẹn tí n ò fi lè ṣojúsàájú."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Tí wọ́n bá tì í, ilé ni màá máa wà lọ́jọ́ ìsinmi, tí màá máa gbọ́ bí alùpùpù yín ṣe ń kọjá lọ sí Daagbé. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa gbọ́ ọ láti orí ẹní?"

Bàbá Ìjọ ní, "Bon. Mo ti gbọ́ yín," ó sì wo agogo ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Amandine kò lọ sílé tààrà. Ó yà sọ́dọ̀ Rafiou. Rafiou fetí sí i dópin, ó sì ní, "Ìyá, ìwé yẹn lè wà lára ọ̀pẹ. Gọ́tà ni mo fẹ́ kó, n ò fẹ́ ka ìwé." Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wá pẹ̀lú igbà àti àdá rẹ̀. Ó ti gun ọ̀pẹ náà dé ìdajì nígbà tí Bàbá Ìjọ dé, tí Victorin sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Sọ̀ kalẹ̀! Rafiou! Lórúkọ ìgbìmọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sọ̀ kalẹ̀!"

Rafiou fi ara ti igbà, ó wo ìsàlẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹ́ n kó imọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ẹ wà lókè orí mi!"

"Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Kò ní sí lókè yín mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bàbá Ìjọ jókòó sí ìdí ọ̀pẹ, ó ní òun kò ní dìde níbẹ̀ títí ọ̀ràn náà á fi tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ àsọyé lórí ìtẹríba. Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi mú. Rafiou kò fẹ́ gùn kọjá lórí àgbà tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ láì dé ibi gọ́tà náà. Ó bẹ Ìyá Amandine pé kó má bínú. Màmá ní kò sí ìbínú, ó kàn ń sunkún ni.

Bíṣọ́ọ̀bù dé ní ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù keje. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì dá láàárọ̀ yẹn. Ìka mọ́kànlá ni Victorin wọ̀n. Ìyá Amandine ti wà níbẹ̀ kí agogo tó lù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pe àwọn ìyá ọmọ tó fẹ́ gba ìfẹsẹ̀múlẹ̀, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí apá ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó nítòsí pẹpẹ. Bíṣọ́ọ̀bù, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá lọ bá a, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí. Bíṣọ́ọ̀bù wo ògiri náà láti òkèèrè, ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá," ó sì ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ìjọ rí i pé gbogbo ilé ti ṣófo yí òun ká, ó sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó wọ agbádá búlúù rẹ̀, débi pé nígbà tó jókòó, o kò mọ ibi tí ọkùnrin parí sí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Ó dìde láti kí àlejò. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni àsọyé náà.

Ó ní, "Mo bá ilé yìí ní ẹrẹ̀! Mo sọ ọ́ di dígí! Monseigneur, àwọn kan sọ pé kò lè dúró. Àwọn kan tí kò rí ilé ìwé rí! Mo ní kí n fi hàn yín. Ẹ wò ó!" Ó yíjú padà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo ara ti ògiri. "Ẹ wo bó ṣe le!"

Ọ̀dà náà ló kọ́kọ́ ya, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi pupa tú jáde. Ògiri kò pariwo. Ó rọra kúnlẹ̀ sí apá ìta bí àgbà tó rẹ̀, Bàbá Ìjọ sì bá a lọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní nínà, àga gíga tẹ̀ lé e, ojú ìwé mẹ́fà tó kù sì fò lọ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí a lajú dáadáa, oko ẹ̀gẹ́ là ń wò láti inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Falilatou, ìyàwó Rafiou, wà nínú oko náà tó ń ro ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó rí ọkùnrin tó bọ́ sáàárín ebè rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí i bí ó ti yẹ.

"Bàbá Ìjọ, ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò sí láburú?"

Bàbá Ìjọ gbé orí sókè nínú amọ̀. Kò fara pa rárá. Ó wo ògiri, ó wò wá, ó wo ojú ọ̀run, ó sì béèrè ìbéèrè tí a ṣì ń fi rẹ́rìn-ín ní Ifangni títí dòní.

Ó ní, "Ta ló fún un láṣẹ?"

Ẹ̀rín bú. Àní àwọn ọmọ tó wọ funfun rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rẹ́rìn-ín, mo rí Ìyá Amandine tó ń rìn lọ síbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ègé amọ̀ kan, ó sì fi sí àyà. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wa. Gbogbo wa rántí lẹ́tà oṣù kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tijú gbogbo ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí mo kọ ránṣẹ́."

Ìyá Amandine ní, "A mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ má tì í."

"Màmá, ilé yìí ò ní ògiri."

"A máa mọ òmíràn. Èmi ni mo po amọ̀ èyí tó wó. Ọkọ mi ń mọ ọ́n, èmi ń pò ó fún un. Mo mọ iye omi tó ń gbà. Òjò máa dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ. Ẹ fún wa ní oṣù kẹjọ yẹn."

Ìgbà náà ni Bàbá Ìjọ gba ojú ihò wọlé, ẹrẹ̀ dé ọrùn. Ó ní, "Monseigneur, èmi ni olórí iṣẹ́. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ lórí ògiri, èmi lẹ máa bá sọ."

Bíṣọ́ọ̀bù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, láìbínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sinmi. Ẹ sinmi dáadáa, ẹ má tún padà sẹ́nu iṣẹ́ kankan níbí." Ó yíjú sí Ìyá Amandine. "Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni màá padà. Tí mo bá bá ògiri, ilé yín wà. Tí n ò bá bá a, Daagbé ni." Ó pe àwọn ọmọ náà, ó sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí, nígbà tí Falilatou ń wò wọ́n láti inú oko.

Òjò dá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Gbogbo ìjọ jáde, Rafiou sì kó àwọn akọ̀pẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin wá. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Ìyá Amandine lábẹ́ ọ̀pẹ, ibẹ̀ ló ti ń sọ fún wa pé ẹ bu omi sí i, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. A mọ ìpele kan, a jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, a mọ òmíràn lé e. Victorin wà nínú amọ̀ dé orúnkún, ó ń pariwo pé láti ọjọ́ tí ayé ti wà, kò sí ẹni tó po amọ̀ bíi ti Màmá.

Ìyá ní, "Victorin, dákẹ́, kó o tẹ amọ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Ìjọ dé, ẹni méjì sì gbé àga tẹ̀ lé e. Ó ní òun wá bojú tó iṣẹ́. Gbogbo wa dúró. Ìyá Amandine wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Ó ní, "Sosthène, ọmọ mi, bọ́ bàtà ẹ. Àyè wà fún ẹ nínú amọ̀ yìí."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òtítọ́ ló fi pè é. Bàbá Ìjọ wo bàtà rẹ̀. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan á ní rárá, Bàbá, kò yẹ yín. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún wo bàtà náà, mo sì rò pé á bọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n gbé àga, ó sì lọ.

Bíṣọ́ọ̀bù padà wá bó ṣe wí. Ó fọwọ́ kan ògiri, amọ̀ pupa mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì nù ún. Kò ti ilé wa. Láti ìgbà náà, Bàbá Ìjọ ti ń lọ sí Daagbé láti sin Ọlọ́run, òun nìkan nínú gbogbo wa. Lọ́jọ́ ìsinmi, a máa ń gbọ́ zẹ́mì tó gbé e bó ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà. Ìyá Amandine á ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ nígbà náà. Á fetí sí ariwo alùpùpù náà títí á fi jìnnà, á wá sọ fún Victorin pé kó jẹ́ ká gbàdúrà fún ìjọ Daagbé.